Ìbúra Tí Mojí Kọ̀

Bí mo ṣe dé Houston kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bàálù ló gbé mi wá, mo sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa bi mí nípa físà, ta ló ràn mí lọ́wọ́, ọ̀nà wo ni mo gbà, mo sì máa ń ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. Èyí tó ká mi lára ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti dé, pàápàá ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ará ìlú wa ní Sugar Land, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí. Àwọn kan ti rò ó káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé mo rí àgbà fín, pé Àmẹ́ríkà ti bà mí jẹ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rò tèmi.

Ooru ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé òkè òkun tutù, mo ra súwẹ́tà tó nípọn, mo wọ̀ ọ́ jáde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ni ooru bá rọ́ lù mí lójú bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà. Mo wá rí i pé wọn kì í fẹsẹ̀ rìn níbí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ní kí n fẹsẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, mo ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríwèè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ọlọ́pàá kan dúró tì mí, ó ní ṣé mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ní rárá, búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà. Ó wò mí títí, ó ní kí n wọlé sínú mọ́tò òun, ó sì gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é ni àbí ó rò pé orí mi ti dàrú.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló wá fẹ́ pa mí. Nínú apátímẹ́ǹtì tí mo ń gbé, mi ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kí bàbá tó ń gbé ní òdìkejì mi, mo tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, ọkùnrin náà yára ti ilẹ̀kùn rẹ̀ bíi pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bá pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu àwa méjèèjì. Àmọ́ ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n á kí, wọ́n á bi í léèrè ọmọ àti iṣẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pa fóònù. Màá kàn gbé e sétí, màá máa gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí wà ní móòlù ńlá kan ní Uptown. Àwọn oníbàárà á wọ aṣọ wò, wọ́n á jù ú sílẹ̀, èmi á ká a. Wọ́n á tún tú u, èmi á tún ká a. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi jó irin pọ̀ di géètì ààfin ìlú wa. Àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì fẹnu kò pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé òun ni gbogbo obìnrin wa ń ṣe níbí. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé wẹ́dà ni mí, màmá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú. Wọ́n ní, wẹ́dà bí ọkùnrin? Mo ní, wẹ́dà bí èmi.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù ni mo ti kọ́ ọ, nínú ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù kan ní ẹ̀bá títì, nílùú wa tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Bàbá mi yarí pé ọmọbìnrin òun kò ní máa ṣeré pẹ̀lú iná. Ọ̀gá wá bá wọn nílé, Ọ̀gá ní àwọn kò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́ kankan lọ́wọ́ bàbá mi, pé ọwọ́ ọmọ yìí kì í gbọ̀n, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn, ilé wọn ni mo ti ń jẹun. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ níbí, mi ò tíì fi iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọn ò bi mí. Wọ́n kàn ní kí n má jẹ́ kí àwọn òyìnbó máa kán mi lójú lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn tí mo dé Houston ni mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ń wá wẹ́dà ní Deer Park, níbi tí àwọn rìfáínárì tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Mo lọ. Ọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò fún wa wo orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó tún wo orúkọ náà. Ó fún mi ní àwọn páìpù, ó ní kí n jó wọn pọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ láti lọ mu kọfí. Ó rò pé kí òun tó dé màá ti sá lọ ni. Nígbà tó padà, ó gé ojú ibi tí mo jó, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá yóò sán. Kò sán. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn náà kò sán. Ó bi mí pé ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní Ṣẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Múfútáù. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè dáadáa, mo sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Inú mọ́tò ni mo ti pe ìyá mi lọ́jọ́ náà, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ Deer Park. Wọ́n ní ṣé wọ́n á máa fún mi lóúnjẹ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń ṣe ìpàdé ní Sugar Land, nílé alága wa tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà. Mi ò ní bú Dókítà. Nígbà tí mi ò ní mọ́tò, àwọn ni wọ́n ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó wọn ló sì fún mi ní bẹ́ẹ̀dì tí mo kọ́kọ́ sùn lé lórí. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé mo ti di wẹ́dà gidi, Dókítà ló dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ sílùú wa, kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ yé jókòó lásán. Inú mi dùn débi tí mo fi ń dá sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò bí mo ṣe ń lọ sílé. A dáwó, a kọ́ ọ, a fi orúkọ wa sára ògiri. Ọ̀gá Múfútáù fi ṣẹ́ẹ̀dì wọn sílẹ̀, wọ́n wá ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì ń fún wọn ní nǹkan lóṣooṣù.

Mojí wà lára àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀, orí fóònù ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń jẹun ọ̀sán nínú mọ́tò mi ní Deer Park, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, Mojí á pè mí lórí fóònù tí a ti ń rí ara wa, á gbé irin tó jó sójú fóònù, á ní, Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Màá sọ ibi tó kù sí. Á tún un jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ náà máa ń bá mi jiyàn, á ní ohun tí mo sọ yàtọ̀ sí ohun tí Ọ̀gá sọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á fà á títí oúnjẹ mi á fi tutù. Mi ò tún tan tẹlifíṣàn sílẹ̀ mọ́ nínú apátímẹ́ǹtì mi kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Mo ti ní ẹni tí mò ń bá jà.

Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nílé ìkọ́ṣẹ́ náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Ghana, ó ríṣẹ́ sí Tema, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Òmíràn lọ sí Qatar. Ní Sugar Land, àfi bíi pé wọ́n jí nǹkan wa kó. Dókítà ní a ò lè máa ná owó lórí ọmọ kí ẹlòmíràn wá máa lò ó. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi irin búra níwájú òbí rẹ̀ pé òun kò ní kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá búra, Ọ̀gá kò gbọdọ̀ fún un ní fírídọ̀ọ̀mù.

Àwọn ọmọ tí a bí síbí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ nílé, kéèyàn mọ iṣẹ́ nìkan kò tó. Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí ọ̀gá á pe ẹbí àti ará, tí ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, tí ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lórí, tí wọ́n á gbàdúrà fún un, tí wọ́n á ní kó máa lọ. Òun ni fírídọ̀ọ̀mù. Ẹni tí kò bá gbà á, ọmọ iṣẹ́ ni títí, kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ wẹ́dà á ti ibẹ̀ pa mọ́ ọn lórí. Ẹni tó bá di fírídọ̀ọ̀mù ọmọ mú, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló dì mú, Dókítà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mojí ló kàn. Ẹni tó lọ sí Tema ti bá a wáṣẹ́ níbi iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ti ní kó máa bọ̀ tó bá ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé, wọ́n ní tí ọjọ́ náà bá kọjá, àwọn á gba ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó búra, kó má jẹ́ kí oore-ọ̀fẹ́ yìí bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa níbí tilẹ̀ rọra sọ sí mi létí pé kí ọmọ yẹn búra kó sì bá tirẹ̀ lọ, ta ló máa lé e dé Ghana. Mo bi Mojí bóyá ó ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí, mi ò lè fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Orí irin sì tún ni.”

Mo ní òótọ́ ni. Mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá ń kírun, síbẹ̀ àwa tí à ń fi irin jẹun, a kì í fi irin ṣeré.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, èmi ni mo dìde lẹ́yìn tí wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ Dókítà tutù nini, mọ́ínmọ́ín àti pọfupọ́ọ̀fù wà lórí tábìlì, gbogbo wa wà níbẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, injiníà, olùkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, mo ní kí wọ́n fi Mojí sílẹ̀. Dókítà ní òfin ni òfin. Ìgbà yẹn ni inú bí mi.

Mo ní, “Dókítà, ẹ má bínú sà. Nígbà tí ẹ gboyè nílé, ta ló ní kí ẹ kúnlẹ̀ búra kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí? Owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ yín. Ṣé ẹ lo ọdún mẹ́wàá? Nínú gbogbo wa tá a jókòó síbí, ta ló lò ó?”

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi aṣọ nù ún. Ohùn wọn kò le nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, òótọ́ inú wọn ni.

Wọ́n ní, “Tí gbogbo wọn bá lọ, ta ló máa kù nílé?”

Mo ní àwọn tó bá fẹ́ dúró ni. Mo ní tí a bá fẹ́ kí wọ́n dúró, ká ṣe ohun tó máa jẹ́ kó wù wọ́n, ká wá iná fún wọn, ká wá iṣẹ́ tó nítumọ̀ fún wọn. Mo ní èmi náà wà lára àwọn tó lọ, Ọ̀gá Múfútáù kò sì dè mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rántí ilé pẹ̀lú ìfẹ́. Wọ́n dìbò. Àwa tí a dìbò fún Mojí kò pọ̀. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Dókítà fún bí mo ṣe sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n. Àmọ́ mi ò tọrọ àforíjì, mo kí wọn, mo dìde, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.

Lórí fíríwèè, mo ń sunkún ìbínú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, bíi pé mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí n tó lè mí. Tí mo bá pe ilé, wọ́n á ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀, ṣé mo ti gbàgbé wọn ni. Ó ti sú mi. Èmi ni mo ni ìlú wa, èmi náà ni mo ni Houston, mo ti làágùn síhìn-ín tó. Mi ò jí ara mi gbé kúrò níbì kankan. Ẹ wá wo àwa tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn bẹ́ẹ̀, tí a bá ti wá di àgbà nínú ilé ńláńlá, àwa náà la máa ń fẹ́ di ọ̀nà mọ́ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tì o. Kì í ṣe èmi ni wọ́n máa bá ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Ọ̀gá ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọjọ́ ti lọ lórí wọn, ohun tí ẹgbẹ́ ń fún wọn ni wọ́n sì fi ń ra oògùn. Mo ní mi ò lè ní kí wọ́n ṣe ohun tó máa pa wọ́n lára, mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé lẹ́nu mi ni.

Ọ̀gá ní, “Ilé ìkọ́ṣẹ́ yẹn, ilé wọn ni, kí wọ́n máa mú un. Ọmọ iṣẹ́ mi ni Mojí.”

Wọ́n mú Sátidé fún fírídọ̀ọ̀mù Mojí. Kí Sátidé tó pé, Dókítà ti ní kí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo ilé ìkọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n ru bẹ́ǹṣì lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá àtijọ́, wọ́n gbá a, wọ́n kan páànù tó ti ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi àti àwọn díẹ̀ tí a jọ kúrò nínú ẹgbẹ́ la sì ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Dókítà pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní mo ti tú ẹgbẹ́ ká nítorí ọmọ kan tó máa lọ tí kò ní padà wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ó lè má padà. Wọ́n pa fóònù.

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ rìfáínárì láti tún un ṣe lákòókò yẹn, torí náà a ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ inú ibẹ̀. Mo lọ bá fóòmáànù mi, ọkùnrin ará Mẹ́síkò, mo ní àbúrò mi ń gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ nílé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí mi. Ó ní ṣé wẹ́dà ni òun náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa sáré lọ.

Àárín àwọn mọ́tò ni mo dúró sí nínú páákì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi tó ń rùn fún èéfín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló gbé fóònù dání fún mi. Mo rí Mojí lórí ìkúnlẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun. Mo rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bisikíìtì wà nínú abọ́, mínírà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kò pọ̀. Ọ̀gá gbé akoto ìjórin lé Mojí lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí gbogbo ọ̀gá ń gbà, pé oníbàárà á máa wá a rí níbi tó bá jókòó sí, wọ́n sì dúró láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n kọjú sí fóònù.

Wọ́n ní, “Ìwọ ni àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́. Wá gbàdúrà fún àbúrò rẹ.”

Mo mú ọwọ́ mi sókè níbi tí mo dúró sí, mo pariwo kí wọ́n lè gbọ́ mi.

Mo ní, “Mojísọ́lá, máa lọ. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ. Tó bá wù ọ́ kí o padà, wàá bá wa. Tí kò bá wù ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́. O ò jẹ wá ní gbèsè kankan.”

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe àmín, àmín rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Ọ̀gá ní, “Mo tú ọ sílẹ̀.” Mojí dìde, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó kí mi lójú fóònù, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí Èkó ti wà ní ẹ̀bá títì. Ó gbé báàgì sórí, ó gbé akoto rẹ̀ há abíyá. Ọmọ tó gbé fóònù dání tẹ̀ lé e dé ẹnu ṣẹ́ẹ̀dì kí n lè rí i. Kò wẹ̀yìn. Ó wọ ọkọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ ṣí. Mo dúró nínú oòrùn Deer Park, mò ń pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ kan bojú wo ìta láti mọ ohun tó ń ṣe mí, mo sì ń pàtẹ́wọ́ mi lọ.